Òòyà Kan Ṣoṣo Lọ́wọ́ Ọmọ Tó Ń Wá Ìyá Rẹ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ òòyà kan kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan ló mú òòyà náà dání nígbà tí wọ́n rí i tó ń rìn kiri ní pápákọ̀ òfurufú Kahului, ní erékùṣù Maui ní Háwáì. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni, ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2014. Kò ní ìwé ìdánimọ̀ kankan lára. Nígbà tí àwọn FBI, ọlọ́pàá ìwádìí Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò tán, òòyà yẹn nìkan ni ẹrù tí wọ́n lè sọ pé ó gbé kúrò nílé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìtàn náà rí. Ọmọ Sòmálíà ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Santa Clara, ní ìpínlẹ̀ California. Ó sá kúrò nílé, ó fo fẹ́ńsì pápákọ̀ òfurufú San José lóru, ó sì wọ inú ihò tí bàlúù máa ń ká táyà rẹ̀ sí. Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni bàlúù náà fi fò lórí òkun Pàsífíìkì kó tó balẹ̀. Áfíríkà ni ọmọ náà ní òun ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá òun.

N kò bá a sọ̀rọ̀ rí, n kò sì lè búra fún ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ pé inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni òòyà náà ti wà láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, ìyá mi kì í gbà kí a lọ kí àgbà láì ya irun wa. Ohun tí mo rí nínú òòyà yẹn ni ọmọ tí kò fẹ́ kí irun òun rí jákujàku lọ́jọ́ tí ìyá òun bá máa fojú kan òun.

Ìbéèrè tí gbogbo ayé béèrè

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde, ọ̀rọ̀ fẹ́ńsì ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Báwo ni ọmọdé ṣe lè fo fẹ́ńsì tí ẹnikẹ́ni kò rí i? Kámẹ́rà yà á, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ ni wọ́n tó wo àwòrán rẹ̀. Wákàtí bíi mẹ́fà ló fi wà nínú ọgbà náà kí bàlúù tó gbéra. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press tú àkọsílẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé láti ọdún 2004, ó kéré tán ìgbà 268 ni àwọn èèyàn ti já wọ ọgbà pápákọ̀ òfurufú ńláńlá 31 ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè gidi ni, n kò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ibi tí ọmọ tó mú òòyà dání gbà wọlé, ẹni tó gbé bọ́ǹbù dání lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ìbéèrè kejì ni ti ẹ̀mí rẹ̀. Bàlúù náà ga dé ẹsẹ̀ bàtà 38,000. Òtútù tó wà níbẹ̀ lè lọ sí ìwọ̀n 60 nísàlẹ̀ òdo, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì tó èèyàn mí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣàlàyé pé òtútù yẹn kan náà tó yẹ kó pani ló lè dá ẹ̀mí sí: bí ara bá ti tutù gan-an, kì í béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́, ọkàn á máa lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ á sùn lọ. Ooru táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ náà máa ń ran ẹni tó fara pamọ́ síbẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. Bí bàlúù bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ara á tún máa móoru bọ̀, bí ẹni náà kò bá tíì já bọ́ nígbà tí táyà bá ṣí. Lọ́dún 2014 yẹn, àjọ FAA tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà ka èèyàn 105 tí wọ́n mọ̀ pé ó ti fara pamọ́ síbẹ̀ láti ọdún 1947, nínú ìrìn bàlúù 94 káàkiri ayé. 25 péré ló yè é. Ọmọ yìí náà yè é.

A mọ irú rẹ̀ nílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, oṣù mẹ́jọ péré ṣáájú, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọmọ ogún rárá wọ ihò táyà bàlúù ní ìlú Benin, ó sì bọ́ sílẹ̀ láàyè ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Àwọn èrò inú bàlúù ti tajú kán rí ọmọ kan nínú igbó kí wọ́n tó gbéra, wọ́n sì sọ. Ìròyìn tó jáde ni pé Amẹ́ríkà ni ọmọ náà rò pé bàlúù ń lọ. Ìrìn yẹn kò tó wákàtí kan, ó sì yè é. Àwọn ọmọ Gínì méjì, ọmọ ọdún 14 àti 15, kò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí. Òkú wọn ni wọ́n bá nínú bàlúù ní Brussels ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àwọn olórí ilẹ̀ Yúróòpù, pé kí wọ́n ṣàánú àwọn ọmọ Áfíríkà, kí àwọn náà lè rí ilé ìwé lọ.

Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ibi tí wọ́n gbọ́ pé ayé ti dẹrùn ni wọ́n kọjú sí. Ọmọ Santa Clara ti wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Amẹ́ríkà gan-an ló ń sá fún, àgọ́ ogúnléndé sì ni ibi tó ń lọ. Ohun tó yẹ kí a dúró wò dáadáa nìyẹn, ṣùgbọ́n ariwo fẹ́ńsì kò jẹ́ ká dúró.

Ìyá rẹ kò kú

Àwọn oníròyìn wá ìyá náà dé àgọ́ Sheder, ní agbègbè Jijiga ní ìlà-oòrùn Etiópíà, níbi tí àwọn Sòmálí tí ogun lé kúrò nílé ń gbé. Ìyá náà ní òun àti bàbá àwọn ọmọ ti kọ ara àwọn sílẹ̀, pé ó kó àwọn ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà láì fi tó òun létí, àti pé wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà pé òun ti kú. Ó ní kò pẹ́ rárá tí ọmọkùnrin yìí gbọ́ pé òun ṣì wà láyé. Ohun tí ìyá sọ nìyẹn. Bàbá náà bá iléeṣẹ́ rédíò Voice of America sọ̀rọ̀, ó ní láti ìgbà tí àwọn ti dé ni ẹ̀kọ́ ilé ìwé ti ń ni ọmọ náà lára, pé àárò Áfíríkà sì ń sọ ọ́ gidigidi.

Èmi ò lè kúrò ní ibi ìṣẹ́jú yẹn, ìṣẹ́jú tí ẹnìkan sọ fún un pé, "Ìyá rẹ kò kú."

A ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí a bá ti pa òwe yẹn, ńṣe ni a máa ń ṣe bí ẹni pé bí òtítọ́ bá ti lè dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ ọmọ. Òtítọ́ tó dé bá a gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ni. Tí ìyá bá ti kú, ọmọ á sunkún, á gbà fún Ọlọ́run, á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Tí ìyá bá wà láàyè nínú àgọ́, kí ni ó ń jẹ? Ṣé ó mọ ilé ìwé tí mò ń lọ? Ṣé ó rò pé èmi ni mo gbàgbé òun? Ta ló mọ̀ nínú gbogbo àwọn tí a jọ ń jẹun alẹ́, tí wọ́n ń wò mí lójú?

Lọ́wọ́ ta ni yóò sì ti béèrè? Bó bá bi bàbá rẹ̀, ó ti pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́ nìyẹn. Láàárín àwọn Sòmálí bíi ti àwa náà, ọmọ kì í wo bàbá rẹ̀ lójú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá bi ìyàwó bàbá, a mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n láì fi bọpo bọyọ̀: òun kò fẹ́ gbé lọ́dọ̀ ìyàwó bàbá òun mọ́, òun sì fẹ́ wá ìyá òun tí òun ti rí kẹ́yìn láti kékeré.

Àǹtí kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, wọ́n sì ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kú níbi ìbímọ àbúrò rẹ̀. Ó ti wọ ilé ìwé girama kí obìnrin kan tó dá a dúró lọ́jà, tó ń wo ojú rẹ̀, tó sì ń wárìrì. "Ìwọ kọ́ ni ọmọ Ìyá Àgbà ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn?" Àǹtí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Obìnrin náà bú sẹ́kún. Nígbà tí àǹtí yìí ń sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo retí pé yóò sọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ohun tó sọ ni pé: "Mo ti sunkún rẹ̀ tán. Wọ́n tún wá ní kí n máa wá ìyá lọ." Ó ní oṣù púpọ̀ ni òun fi ń bínú sí ìyá náà pé kò kú.

Ọmọ Santa Clara kò bínú sí ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó dìde, ó ní òun ń lọ bá a. Áfíríkà wà ní ìlà-oòrùn sí California. Bàlúù tó wọ̀ sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sórí òkun tó tóbi jù láyé. Ohun tó fi hàn bí ó ṣe kéré tó nìyẹn. Wọ́n pè é ní ẹni tó ru òfin pápákọ̀, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà máa bá òun wá nọ́ńbà fóònù ìyá òun kò ní í máa wá ihò táyà.

Ta ló ni ọmọ?

Yorùbá ní ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, ṣùgbọ́n tí ìgbéyàwó bá tú, gbogbo wa mọ ilé tí ọmọ ń lọ. Ọmọ ti bàbá ni. Àwọn Sòmálí le sí i ju tiwa lọ nínú èyí: láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ láti ka orúkọ bàbá, bàbá bàbá, àti àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ sẹ́yìn dé ọ̀pọ̀ ìran, nítorí orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Lójú bàbá tí wọ́n tọ́ dàgbà báyìí, kíkó ọmọ lọ kì í ṣe olè jíjà. Ohun ìní rẹ̀ ló kó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá náà kí n má baà ṣe ojúsàájú. Awakọ̀ takisí ni. Ó kó ọmọ kúrò níbi tí ìbọn ti ń ró, ó gbé wọn dé ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, ó ń fi owó takisí bọ́ wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá pè é pé ọmọ rẹ̀ wà ní Háwáì, ọpẹ́ ni ó ń dá lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wà láàyè. Mi ò rí ènìyàn burúkú níbẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó ro pé bí ọ̀rọ̀ ìyá bá kúrò nílẹ̀, ọkàn àwọn ọmọ á balẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ní Èkó, ní Peckham, ní Houston, ló ń rò bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọn ìyá tó ń ṣe é fún bàbá náà kò sì kéré. "Má dá a lóhùn, bàbá rẹ ò sí mọ́." Ẹ ti gbọ́ ọ rí.

Bí ẹnubodè ilẹ̀ bá wá wà láàárín tọkọtaya tó kọ ara wọn, ọ̀rọ̀ á di èyí tí ẹbí kò lè parí mọ́. Nílé, àwọn àgbà lè pe ìpàdé, wọ́n lè ní, "Ìyá Bísí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀." Láàárín California àti Sheder, kò sí ẹni tó máa pe ìpàdé yẹn. Òfin àgbáyé kan wà, Àdéhùn Hague ti ọdún 1980, tó ní bí òbí kan bá gbé ọmọ kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ń gbé láì gba àṣẹ òbí kejì, kí kóòtù dá ọmọ náà padà. Amẹ́ríkà ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1988. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó ṣiṣẹ́, Sòmálíà àti Etiópíà kò sì fọwọ́ sí i. Nàìjíríà náà kò sí níbẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n ti gbé ọmọ wọn láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó lè sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àdéhùn náà kì í sì í bá ọmọ tó ti pé 16 ṣe mọ́.

Ká tiẹ̀ ní Etiópíà fọwọ́ sí i. Ṣé inú àgọ́ ogúnléndé ni kóòtù máa dá ọmọ padà sí? Mi ò ní ìdáhùn tó rọrùn síbẹ̀. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó máa ní kí wọ́n gbé ọmọ kúrò ní ilé ìwé ní California lọ sínú àgọ́. Ohun tí mò ń sọ kéré ju ìyẹn lọ: ó yẹ kí ọmọ náà ti máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Àjọ Àgbélébùú Pupa (Red Cross) ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá ẹbí tí ogun ti tú ká, kí ó sì máa gbé iṣẹ́ láàárín wọn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Tíṣà kan lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmáàmù kan lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ará ilé kan tó mọ̀ pé ìyá kò kú lè mú ọmọ náà lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ

Lẹ́yìn Háwáì, wọn kò fẹ̀sùn kan ọmọ náà. Iléèwòsàn gbà á, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé níbẹ̀ gbà á, wọ́n sì dá a padà sọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Santa Clara. Gbogbo èèyàn ló hùwà dáadáa sí i, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo jókòó wo ohun tí òfin Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 15 tó fẹ́ kí ìyá òun wá bá òun láì fo fẹ́ńsì kankan.

Ogúnléndé tó ti wọlé lè kọ̀wé mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá, àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì gbéyàwó tí kò sì tíì pé 21. Kò sí àyè fún òbí nínú ìwé yẹn. Aya tí a ti kọ̀ sílẹ̀ kì í sì í ṣe aya mọ́, nítorí náà bàbá náà kò lè mú un wá bó tilẹ̀ fẹ́. Ètò kejì wà nígbà yẹn tó gba kí ogúnléndé béèrè fún òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ètò yẹn náà, ọdún 2008 ni wọ́n ti í, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ṣe fún àwọn ogúnléndé ní Áfíríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ tó ní ẹbí ni àwọn kì í ṣe ẹbí. Oṣù kẹwàá ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ọ̀nà kẹta ni kí ọmọ di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, kó pé 21, kó tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn baba wa pa á kí ọmọdé àti àgbà lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àgbà ló gbé nǹkan sórí pẹpẹ, àgbà ló sì kọ̀ tí kò fẹ́ bá ọmọ gbé e. Mo gbà pé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n DNA tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn lè ṣí i pẹ̀lú: ìyá àti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Kò sí ìdí kankan tí mo rí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ di àgbàlagbà kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìyá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tó wà lọ́mọdé gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Ọmọ tó wà ní ọdún 15 ní oṣù kẹrin ọdún 2014, láàárín ọdún 2019 sí 2020 ló máa pé 21. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ààrẹ Amẹ́ríkà fòfin dè àwọn ará orílẹ̀-èdè méje pé kí wọ́n má wọlé, Sòmálíà sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n tún un kọ, ó sì ká àwọn Sòmálí tó fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ ẹbí wọn mọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé e kúrò. Ìyá tó jẹ́ ọmọ Sòmálíà, tí ọmọ rẹ̀ pé 21 láàárín ìgbà yẹn, kò lè rí ìwé ìwọ̀lú gbà àfi bí òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì bá fi ojú àánú wò ó.